Àwọn Tí Kò Nílò Ọ̀bẹ Ló Gba Iṣẹ́ Ọ̀bẹ Là

Ní ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ W. R. Case & Sons, tó ń ṣe ọ̀bẹ nílùú Bradford ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lu àmì róbótó kéékèèké mẹ́wàá sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ lára gbogbo ọ̀bẹ tó bá ṣe. Nígbà tó di 1971, wọ́n yọ ẹyọ kan, ó ku mẹ́sàn-án. Ní 1972, ó ku mẹ́jọ. Báyìí ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo ní 1979. Àwọn àmì yìí kò mú kí ọ̀bẹ mú sí i. Àgbẹ̀ tó fẹ́ gé okùn, ọdẹ tó fẹ́ bó awọ ẹran, ọdún tí wọ́n rọ ọ̀bẹ kò kàn wọ́n. Ẹni tó kàn ni ẹni tó máa ra ọ̀bẹ tuntun lọ́jà, tó máa fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, tó máa tò ó sínú àpótí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò sì ní fi gé ohunkóhun títí ayé.

Ọ̀bẹ àpò ni mo ń wí, ọ̀bẹ kékeré tí ojú rẹ̀ ń ká wọnú èkù, èyí tí àwọn kan nílé wa ń pè ní jáákínáìfù. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ọkùnrin tí kò ní ọ̀bẹ nínú àpò dà bí ẹni tó gbàgbé fóònù sílé lónìí. Akọ̀wé fi ń gbẹ́ ìyẹ́ tó fi ń kọ̀wé, atukọ̀ fi ń gé okùn, àgbẹ̀ fi ń rẹ́ ẹ̀ka igi, ọmọ ilé-ìwé fi ń pọ́n pẹ́ńsùlù. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Bírò ti gba ipò ìyẹ́, àpò ìgbàlódé sì ti ń ya láìlo ọ̀bẹ. Bí ọjà bá tẹ̀ lé ìlò nìkan, ó yẹ kí àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe ọ̀bẹ àpò ti palẹ̀ mọ́ tipẹ́. Àmọ́ wọ́n ṣì wà, àwọn kan nínú wọn sì ní oníbàárà tó ń dúró dè wọ́n fún ọdún púpọ̀. Àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ ló fà á. Èmi gbà pé àwọn tí kò nílò ọ̀bẹ rárá ló gba iṣẹ́ ọ̀bẹ là, wọ́n sì ń gba owó ìgbàlà náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà tiwọn.

Ìlú tí òkúta àti omi sọ di ìlú ọ̀bẹ

Kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn ọ̀bẹ àpò láìdé Sheffield, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Odò tó ń yí àgbá ọlọ wà níbẹ̀, òkúta tó dára fún pípọ́n irin wà níbẹ̀, èédú náà ò jìnnà. Láti ọ̀rúndún kẹrìnlá ni Chaucer, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ọ̀bẹ Sheffield sára ọlọ́lọ kan nínú ìwé rẹ̀ Canterbury Tales, èyí tó fi hàn pé òkìkí ìlú náà ti kàn nígbà yẹn. Ní 1624, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó dá ẹgbẹ́ àwọn arọ̀bẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè máa bójú tó òǹtẹ̀. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lò. Àmì ìràwọ̀ àti àgbélébùú ni ti ilé-iṣẹ́ Joseph Rodgers, wọ́n sì ń ka ọjọ́ orí òǹtẹ̀ yẹn láti 1682.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹni tó ń rọ irin wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń pọ́n ọn wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń to ojú, sípíríǹgì àti èkù pọ̀ di ọ̀bẹ náà wà lọ́tọ̀. Àwọn tó ń pọ́n irin ló jìyà jù. Wọ́n á tẹ̀ síwájú lórí òkúta tó ń yí, eruku òkúta àti ti irin á sì máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wọn lójoojúmọ́. Ikọ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé, èémí kúkúrú á tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí ọjọ́ ogbó. Ẹni tó bá mú ọ̀bẹ Sheffield àtijọ́ dání tó ń yìn ín pé ó dán, kó rántí pé ẹ̀mí àwọn kan wà nínú dídán yẹn.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Rodgers fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn, ó ṣe ọ̀bẹ tí wọ́n ń pè ní Norfolk Knife fún àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní London ní 1851. Ojú àti irinṣẹ́ 75 ló wà lára rẹ̀. Kò sí àpò tó lè gbà á, kò sì sí ẹni tó lè fi gé iṣu. Ojú lásán ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà yẹn, àwọn arọ̀bẹ fúnra wọn ti mọ̀ pé ọ̀bẹ lè kúrò ní irinṣẹ́ kó di ohun ìwòran.

Ní Sheffield yìí kan náà, àwọn oníṣẹ́ kéékèèké wà tó jẹ́ pé yàrá kan ni wọ́n ń háyà, pẹ̀lú tábìlì iṣẹ́ kan àti irinṣẹ́ díẹ̀, tí wọ́n ń dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn. Stan Shaw ni aráyé mọ̀ jù nínú àwọn tó kẹ́yìn nínú wọn. Wọ́n bí i ní 1926, ó wọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Ibberson ní 1941 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé, ó sì ṣe ọ̀bẹ títí ó fi di arúgbó. Ilé-iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń wọ́ tọ Shaw lọ. Àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ, tí púpọ̀ wọn ń gbé ní òkèèrè, ló ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, wọ́n sì ń fi sùúrù dúró. Ní 2017, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal dá a lọ́lá. Ó kú ní 2021. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ gé okùn nìkan ló ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ì bá ti jókòó sílé láti bí ogójì ọdún ṣáájú.

Bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀bẹ

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀bẹ tó bá jẹ tán, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló ń padà sí. Èkù lè jóná, kí wọ́n ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ lè tín-ín-rín nítorí pípọ́n, kí wọ́n tún irin náà rọ di nǹkan mìíràn. A kò ní àṣà pé kí ọ̀bẹ àgbẹ̀ dàgbà láìṣiṣẹ́. Nítorí náà, ó lè kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu pé àwọn kan á máa náwó lórí ọ̀bẹ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lò ó rí. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, a ó rí i pé kíkà ni wọ́n ń ka ọ̀bẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀bẹ Case tí wọ́n lu 6254 sí lára. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 6, ń sọ irú èkù tó ní: ti egungun màlúù tí wọ́n ha lára kó má bàa yọ̀ lọ́wọ́. 2 ń sọ pé olójú méjì ni. 54 ni nọ́ńbà irú ọ̀bẹ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Trapper, tó ní ojú gígùn méjì. Bí ó bá jẹ́ 5254, irú ọ̀bẹ kan náà ni, àmọ́ ìwo àgbọ̀nrín ló wà lára èkù. Bí 3 ló ṣíwájú, àwọ̀ yẹ́lò ni èkù rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa wá wo òǹtẹ̀ tó wà ní ìdí ojú ọ̀bẹ, níbi tó ti wọnú èkù. Bí ó bá jẹ́ Tested XX, ọ̀bẹ àárín 1920 sí 1940 ni. Bí ó bá jẹ́ XX nìkan, wọ́n ṣe é ṣáájú 1965. Bí wọ́n bá fi U.S.A. kún un láìsí àmì róbótó, ọdún 1965 sí 1969 ni. Bí àwọn àmì róbótó bá wà ńbẹ̀, kíkà ló kù. Ọ̀bẹ méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí òǹtẹ̀ tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ sì mú kí owó ọ̀kan fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti èkejì lọ.

Bí owó bá ti wọ ọ̀rọ̀, ayédèrú kò ní jìnnà. Nítorí náà ni ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í fi ojú kan ra ọ̀bẹ. Yóò kọ́kọ́ fi èékánná ṣí i. Ojú ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ le díẹ̀, kó tó wá yọ́ jáde, kó sì ró pákó nígbà tó bá dé òpin. Bí ó bá tún ń pa á dé, ó gbọ́dọ̀ ró bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ tí kò ró mọ́, sípíríǹgì rẹ̀ ti rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò gbá ojú ọ̀bẹ mú, yóò mì í sọ́tùn-ún sósì láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n. Yóò gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ láti wò bóyá àlàfo wà láàárín sípíríǹgì àti èkù. Yóò wo ibi tí ìṣó ti wọnú egungun, torí pé ibẹ̀ ni èkù sábà máa ń ti sán. Yóò fi ojú ọ̀bẹ náà wé àwòrán tuntun rẹ̀ láti mọ iye tí pípọ́n ti jẹ kúrò.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló máa wá wo òǹtẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá ń dán, tí etí rẹ̀ ṣì mú, nígbà tí gbogbo ara ọ̀bẹ ti gbó, ara gbọ́dọ̀ fu olúwarẹ̀. Àwọn kan máa ń ra ọ̀bẹ tí kò gbajúmọ̀, wọ́n á fi ásíìdì tàbí irin lu orúkọ olórúkọ sí i. Àwọn mìíràn á yọ ojú ọ̀bẹ kan tí òǹtẹ̀ rẹ̀ dára, wọ́n á fi sára èkù ọ̀bẹ mìíràn. Ìwà jìbìtì kan tún wà tó dà bí oore: fífi ẹ̀rọ bó ọ̀bẹ àtijọ́ títí yóò fi máa kọ mànà. Ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó mọ̀ á sọ pé wọ́n ti bà á jẹ́, torí pé àwọ̀ dúdú aláró tó máa ń bo irin tó bá ti pẹ́ ni ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ̀rọ sì ti jẹ ẹ́ lọ pẹ̀lú etí òǹtẹ̀.

Nígbà tí èkù bá ń wólé ọ̀bẹ

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé ara rẹ̀ ni ọ̀bẹ ń wó, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Nínú àpótí àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ, òwe yìí máa ń yí padà: ilé ló ń wó ọ̀bẹ. Ṣáájú kí ike ìgbàlódé tó dé, ohun kan tí wọ́n ń pè ní celluloid ni wọ́n fi ṣe èkù ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ. Wọ́n lè fi ṣe àwọ̀ tó bá wù wọ́n, kó jọ eyín erin, kó jọ èépá ahun, kó jọ ìkarahun òkun tó ń kọ yẹ̀rì. Àmọ́ òwú àti ásíìdì naitiríìkì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, bí ọdún bá sì gorí ọdún, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró á máa jáde lára rẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ hàn ni ìpẹtà tó kàn ṣàdédé bo ojú ọ̀bẹ níbi tó kángun sí èkù. Èkù náà á wá máa sán, á máa rọ̀, á máa rùn kíkan.

Ibi tó burú sí ni pé kì í dá ìyà rẹ̀ jẹ. Bí wọ́n bá tò ó sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ogún ọ̀bẹ tí ara wọn le, afẹ́fẹ́ yìí á mú kí gbogbo wọn dípẹtà. Ẹnì kan lè ti àpótí rẹ̀ pa láti dáàbò bo ohun tó ná owó lé lórí, kó má mọ̀ pé títì pa yẹn gan-an ló ń ba ọjà jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ya ọ̀bẹ elékùu celluloid sọ́tọ̀, tí wọ́n ń jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Wọn kì í sì í fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú àpò awọ fún ìgbà pípẹ́, torí pé awọ ń fa omi, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe é sì ń jẹ irin. Òróró díẹ̀ lójú ọ̀bẹ, ibi gbígbẹ, àti ojú tó ń ṣọ́ ọ ni ìtọ́jú rẹ̀.

Ọ̀bẹ tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wà lára rẹ̀

Apá kejì ìkójọ ọ̀bẹ ni ọ̀bẹ tí oníṣẹ́ kan dá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ní 1970, ọdún kan náà tí Case bẹ̀rẹ̀ sí í lu àmì róbótó, ni irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dá ẹgbẹ́ Knifemakers' Guild sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Bob Loveless, tó fi Riverside ní California ṣe ibùjókòó, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ní 1973, Bill Moran gbé ọ̀bẹ tó fi irin Damascus ṣe lọ sí àfihàn ẹgbẹ́ náà. Irin yìí, ọ̀pọ̀ ìpele irin ni wọ́n fi iná àti òòlù so pọ̀, tí wọ́n ń ká, tí wọ́n ń lù, títí ojú rẹ̀ fi máa ń ya ilà bí omi tó ń ṣàn. Láti ìgbà náà ni òòlù ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àgbẹ̀dẹ tó ti di ahoro.

Ní ti ọ̀bẹ àpò gan-an, Ron Lake gbẹ́ ihò sínú èkù tó jẹ́ odindi irin kan, ó sì wá ki ìwo tàbí ìkarahun òkun bọ inú rẹ̀ débi pé èékánná kò rí ojú oríkèé. Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Michael Walker tún ọ̀nà tí ọ̀bẹ fi ń ti ara rẹ̀ ṣe. Irin pẹlẹbẹ tó wà nínú èkù ló máa ń ta sẹ́yìn ojú ọ̀bẹ bí wọ́n bá ṣí i tán, kò sì ní jẹ́ kó ká lé ìka. Ó tún fi bọ́ọ̀lù irin tíntìntín kan sí i, èyí tó ń di ojú ọ̀bẹ mú nígbà tó bá wà ní pípadé. Ọwọ́ kan ti tó láti ṣí i, ọwọ́ kan ti tó láti pa á dé. Lónìí, àìmọye ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe ló ń lo ọgbọ́n yìí. Àwọn tó kọ́kọ́ sanwó fún un ni àwọn olówó tí kò ní fi ọ̀bẹ náà gé páálí láéláé.

Ẹ jẹ́ ká tún wo Remington. Ilé-iṣẹ́ ìbọn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀bẹ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì gbé R1123 jáde ní 1922, ọ̀bẹ àpò ńlá tí irin kékeré tó jọ ọta ìbọn wà lára èkù rẹ̀. Ní nǹkan bí 1940, wọ́n dáwọ́ ọ̀bẹ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó o jọ kò dáwọ́ dúró. Wọ́n gbé owó R1123 sókè débi pé ní 1982 ilé-iṣẹ́ náà tún un gbé jáde. Lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ Schrade kógbá sílé ní 2004, Camillus tẹ̀ lé e ní 2007. Síbẹ̀, láàárín ọ̀fọ̀ méjèèjì, ní 2006, Great Eastern Cutlery ṣí ilẹ̀kùn nílùú Titusville, ní Pennsylvania kan náà, láti máa ṣe ọ̀bẹ àpò bíi ti àtijọ́, pẹ̀lú irin tó ń dípẹtà bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀. Oníṣirò kan ì bá ti sọ fún wọn pé orí wọn kò pé. Àmọ́ àwọn tó ń ra ọ̀bẹ láti fi ṣe ìkójọ ń rà á.

Òfin kò mọ olùkójọ yàtọ̀

Ó yẹ kí àwọn tiwa tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, tí ọkàn wọn bá fà sí i, mọ̀ pé òfin ò mọ̀ bóyá ìkójọ ni ọ̀bẹ wà fún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1988 gbà kéèyàn mú ọ̀bẹ àpò kúrò nílé láìní ìdí pàtàkì, bí ojú rẹ̀ kò bá ju íǹṣì 3 lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62, tí kò sì ń ti ara rẹ̀ nígbà tó bá ṣí. Ọ̀bẹ Michael Walker kò bọ́ sínú ààyè yẹn. Ọ̀bẹ tó ń fò jáde bí wọ́n bá tẹ nǹkan lára èkù rẹ̀, òfin kò gbà kó wà nílé pàápàá láti 2021. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1958 de òwò irú ọ̀bẹ yìí láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tún yàtọ̀.

Eyín erin náà ti di ẹjọ́. Nígbà tí Sheffield wà ní góńgó, erin ilẹ̀ Áfíríkà ló ń fi eyín san owó ẹwà ọ̀bẹ wọn. Àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fòfin de òwò rẹ̀ ní 1989, Amẹ́ríkà há a mọ́ sí i ní 2016, òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2018 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ẹni tó bá jogún ọ̀bẹ elékùu eyín erin lè fi í pamọ́, àmọ́ kó tó gbé e lọ sí gbàǹjo, kó kọ́kọ́ bi òfin léèrè.

Gbèsè tó wà ńlẹ̀

Mo ti sọ pé àwọn olùkójọ ń gba owó ìgbàlà. Ohun tí wọ́n ń gbà ni pé ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀bẹ tí wọ́n pọ́n lẹ́ẹ̀kan ti sọ owó nù. Èyí ń sọ oníṣẹ́ di ẹni tó ń fi ojú mímú tí kò ní gé nǹkan ṣe ìyì. Ibi tí ewu wà sí nìyí, nítorí pé ẹni tó ń lo ọ̀bẹ ni yóò sọ fún arọ̀bẹ pé èkù ń yọ̀, pé sípíríǹgì le jù, pé irin tètè kú. Àpótí kì í ráhùn. Bí gbogbo ọjà bá di ti àpótí, ìmọ̀ tó ń jẹ́ kí ọ̀bẹ mú á máa gbó díẹ̀díẹ̀, ẹwà rẹ̀ nìkan ló máa kù.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí bí òun ṣe lè bẹ̀rẹ̀, èsì mi kò ní pẹ́. Kó yan ilé-iṣẹ́ kan tàbí irú ọ̀bẹ kan, kó má ṣe rà kó bàa lè pọ̀. Kó ra ìwé òǹtẹ̀ kó tó ra ọ̀bẹ. Kó mú ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, kó ṣí wọn, kó pa wọ́n dé, títí etí rẹ̀ fi máa mọ ìró sípíríǹgì tó dára. Nígbà tó bá sì ra méjì tó jọra, kó to ọ̀kan sínú àpótí fún àwọn ọmọ rẹ̀, kó fi èkejì sápò, kó máa fi bó ọsàn, kó máa fi gé okùn, kó sì kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é bí ó bá ṣẹ́.